Wàláà Méjìlá Róòmù, Ìkookò, àti Ọ̀rọ̀ Gbèsè

Ti òní máa gùn díẹ̀. Ẹni tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́, kó fi pamọ́ di alẹ́. Kì í ṣe ìwàásù o, ẹ má wá ibi tí ẹ ó ti ṣe àmín nínú ẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ọ̀kan nínú àwọn àgbà ìjọ wa wá bá mi ní ọ́fíìsì lẹ́yìn ìsìn. Arábìnrin kan jẹ ẹ́ lówó, ó sì ti lé lọ́dún kan. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n pe orúkọ obìnrin náà látorí pẹpẹ lọ́jọ́ Ìsinmi, kí gbogbo ìjọ gbọ́. Ó ní, "Pásítọ̀, tí ojú bá tì í, á san án." Mo ní kó fún mi láyè kí n fi àdúrà sí i. Ká sọ òótọ́, kì í ṣe àdúrà ni mo fẹ́ lọ gbà. Ẹ̀rù ló bà mí, torí mo ti ṣe irú ẹ̀ rí. Màá dé ibẹ̀.

Lóru ọjọ́ yẹn, oorun ò wá. Mo lọ tú àpótí ìwé mi, mo sì fa ìwé tí mo fi kẹ́kọ̀ọ́ dípúlómà ní ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì yọ. Olùkọ́ kan ló kọ́ wa ní ìtàn ayé ìgbà Májẹ̀mú Tuntun. Bàbá yẹn fẹ́ràn Róòmù bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n sin ìwọ́ rẹ̀ sí. Ó máa ń sọ pé tí a ò bá mọ Róòmù, a ò ní mọ ohun tó mú kí ẹ̀rù ba ọ̀gá ṣọ́jà nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 22, nígbà tó gbọ́ pé ọmọ Róòmù ni Pọ́ọ̀lù tí wọ́n fẹ́ nà láìṣẹjọ́. Nígbà yẹn, torí kí n lè yege ìdánwò ni mo ṣe kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Lóru ọjọ́ yìí, mo kà á bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọnù.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí ìtàn tí àwọn ará Róòmù ń sọ nípa ara wọn. Wọ́n ní ọba kan wà tó ń jẹ́ Numitor, àbúrò rẹ̀ Amulius sì gba ìjọba mọ́ ọn lọ́wọ́. Kí Numitor má bàa ní ọmọ-ọmọ tó máa gbẹ̀san, Amulius fi ọmọbìnrin rẹ̀, Rhea Silvia, ṣe wúńdíá ilé òrìṣà, ẹni tí kò gbọdọ̀ mọ ọkùnrin. Àfi bó ṣe lóyún, tó bí ìbejì, tó ní òrìṣà ogun tí wọ́n ń pè ní Mars ló fún òun lóyún. Ọba ní kí wọ́n lọ da àwọn ọmọ náà sínú odò Tiber. Odò ti kún bo bèbè, etí omi ni wọ́n gbé wọn sí. Omi fà sẹ́yìn, abo ìkookò kan sì wá ń fún wọn lọ́mú. Darandaran kan tó ń jẹ́ Faustulus ló rí wọn, òun àti ìyàwó rẹ̀ ló wò wọ́n dàgbà. Orúkọ wọn ni Romulus àti Remus.

Ọmọ tí wọ́n gbé sétí odò, mo mọ̀ pé ẹ ti rántí Mósè. Ọ̀nà yà níbi kan ṣá. Ẹ̀gbọ́n Mósè dúró lókèèrè, ó ń ṣọ́ ọ títí ẹni tó máa gbà á là fi dé. Ti Róòmù, ọmọ ìyá ló pa ọmọ ìyá. Nígbà tí àwọn ìbejì yìí fẹ́ tẹ ìlú dó, wọn ò mọ ẹni tó máa ṣe olórí, torí ìbejì ni wọ́n, kò sí ẹ̀gbọ́n, kò sí àbúrò. (Lọ́dọ̀ wa ẹjọ́ yẹn ì bá ti parí: Kẹ́hìndé lẹ̀gbọ́n, kí kálukú máa lọ sílé.) Wọ́n wo ẹyẹ lójú sánmà kí wọ́n lè mọ ẹni tí àwọn òrìṣà yàn. Remus ló kọ́kọ́ rí igún mẹ́fà, Romulus wá rí méjìlá. Ọ̀kan ní òun lòun kọ́kọ́ rí i, èkejì ní tòun ló pọ̀ jù. Ìjà dé. Wọ́n ní Remus fo ògiri tí Romulus ń mọ, ó fi ń ṣe yẹ̀yẹ́, ni Romulus bá pa á. Ọdún 753 ṣáájú ìbí Kristi ni wọ́n máa ń kà sí ọdún tí ìlú náà bẹ̀rẹ̀.

Ṣé òótọ́ ni? Livy tó kọ ìtàn yìí sílẹ̀, ayé Augustus ló gbé, Késárì tó wà lórí oyè nígbà tí wọ́n bí Olúwa wa. Ó lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ọdún láàárín òun àti ohun tó ń sọ. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀ ìwé rẹ̀ pé ìtàn ìgbà tí ìlú ò tíì dúró, òun ò ní jẹ́rìí sí i, òun ò sì ní já a nírọ́. Ó tún sọ pé àwọn kan gbà pé kò sí ìkookò kankan níbẹ̀, pé ìyàwó darandaran yẹn gan-an ni wọ́n ń pè ní ìkookò, torí orúkọ yẹn náà ni wọ́n fi ń pe aṣẹ́wó ní èdè wọn. Àwọn awalẹ̀pìtàn náà ti walẹ̀ lórí òkè Palatine, wọ́n rí ihò òpó àwọn ahéré tó ti wà níbẹ̀ láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹjọ ṣáájú ìbí Kristi. Ahéré ni o, kì í ṣe ààfin. Torí náà, ọ̀rọ̀ darandaran yẹn kò jìn sóòótọ́.

Ohun tí mi ò kíyè sí nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ ni pé kò sẹ́ni tó fipá mú wọn sọ ìtàn yìí. Àwọn tó jọba lé gbogbo ayé ìgbà yẹn lórí, kí ló dé tí wọn ò pa ikú Remus mọ́? Wọ́n tún ní Romulus ṣí ibi ààbò kan sílẹ̀ nínú ìlú tuntun náà, ẹnikẹ́ni tó bá sá wá, ẹrú tàbí ọmọ, wọ́n ń gbà á, wọn ò béèrè ibi tó ti ń bọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìlú kún fún ọkùnrin tí kò sẹ́ni tó fẹ́ fún wọn níyàwó. Wọ́n wá pe àwọn ará Sabine síbi ọdún kan, nígbà tí ojú gbogbo èèyàn wà lára eré, wọ́n ki àwọn ọmọbìnrin wọn mọ́lẹ̀, wọ́n gbé wọn lọ. Ogun bẹ́ sílẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn obìnrin yẹn tú irun wọn, wọ́n rìn wọ àárín ọ̀kọ̀ àti apata, baba wọn lápá kan, ọkọ wọn lápá kejì. Èyíkéyìí tó bá ṣẹ́gun nínú wọn, àwọn ni wọ́n máa ṣọ̀fọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe àdéhùn àlàáfíà.

Mo bí ọmọbìnrin mẹ́ta. Mi ò lè ka ìtàn yẹn kí n rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ ká rí bí ìlú yẹn ṣe rí: àwùjọ ọkùnrin ni, àna ni wọ́n fi ń parí ogun, obìnrin sì ni wọ́n fi ń di àna, wọn ò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ìtàn ìbejì sílẹ̀, ká bọ́ sórí gbèsè, torí ibẹ̀ ni ọkàn mi wà.

Lẹ́yìn tí wọ́n ti lé àwọn ọba wọn lọ, Róòmù pín sí méjì. Àwọn ìdílé ńlá kan wà, àwọn ló ń jẹ oyè, àwọn ló mọ òfin, orí ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n, kò sí nínú ìwé. Àwọn tó kù ni mẹ̀kúnnù. Ní nǹkan bí ọdún 495 ṣáájú ìbí Kristi, Livy ní ọkùnrin àgbàlagbà kan já wọ ọjà àárín ìlú, aṣọ rẹ̀ dọ̀tí, irun àti irùngbọ̀n rẹ̀ rí jágajàga. Àwọn èèyàn dá a mọ̀: balógun ọ̀rún ni tẹ́lẹ̀. Ó fi ojú ọgbẹ́ ogun hàn wọ́n ní àyà rẹ̀. Ó ní ìgbà tí òun wà lójú ogun ni àwọn ọ̀tá jó ilé òun, tí wọ́n kó ẹran òun lọ. Owó orí dé ní àsìkò tí kò dáa, òun yá owó, èlé gun èlé. Ilẹ̀ baba òun lọ, ohun ìní òun lọ, ó wá kan ara òun fúnra rẹ̀. Ó yí ẹ̀yìn padà, wọ́n sì rí ojú pàṣán tuntun. Ọgbẹ́ iwájú, ọ̀tá ló dá a sí i. Ti ẹ̀yìn, ará ìlú rẹ̀ tó jẹ lówó ni.

Ìlú gbóná. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, àwọn mẹ̀kúnnù kó jáde kúrò nílùú, wọ́n lọ jókòó sórí òkè kan, wọ́n ní kí àwọn ọlọ́lá máa fúnra wọn jagun. Wọ́n rán Menenius Agrippa sí wọn, ó sì pa àlọ́ kan fún wọn: àwọn ẹ̀yà ara dìtẹ̀ mọ́ ikùn, wọ́n ní ikùn kàn ń jẹun ni, wọ́n kọ̀ láti bọ́ ọ, ni gbogbo ara bá bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Ẹ ṣí Kọ́ríńtì Kìn-ín-ní orí 12, ẹ ó rí i pé Pọ́ọ̀lù náà sọ̀rọ̀ nípa ara àti ẹ̀yà ara. Àmọ́ ẹ wo ìyàtọ̀ o. Torí ikùn ni Menenius ṣe ń sọ̀rọ̀, kí àwọn ọlọ́lá lè máa jẹun lọ. Ẹ̀yà tó ṣe aláìlera ni Pọ́ọ̀lù ní kí wọ́n túbọ̀ bọlá fún. Ó tó ìgbà mélòó tí mo ti fi orí yẹn wàásù bíi Menenius, tí mo fi ń sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ pé kí wọ́n má ráhùn? Ó pọ̀.

Níkẹyìn, ní ọdún 451 sí 450, wọ́n yan ọkùnrin mẹ́wàá pé kí wọ́n kọ òfin sílẹ̀. Wàláà méjìlá ni wọ́n kọ, wọ́n sì gbé e síta kí gbogbo èèyàn lè rí i. Cicero sọ pé nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé, àkọ́sórí ni wọ́n ń kọ́ ọ. Wàláà fúnra rẹ̀ ti parun tipẹ́. Ohun tó kù ni gbólóhùn kọ̀ọ̀kan tí àwọn òǹkọ̀wé ayé àtijọ́ mẹ́nu kàn.

Ṣùgbọ́n nínú ìwọ̀nba yẹn, ilé àti ọ̀nà wọn hàn kedere. Bí wọ́n bá pe èèyàn lẹ́jọ́, dandan ni kó lọ. Bí ó bá ń ṣàìsàn tàbí ó ti darúgbó, kí ẹni tó pè é wá ẹran tó máa gùn fún un, ṣùgbọ́n kò pọn dandan kó tẹ́ tìmùtìmù sí i. (Ẹ wò ó bí wọ́n ṣe ń ṣírò àánú!) Ẹni tó bá dá egungun ọmọlúwàbí, owó bàbà 300 ni yóò san, ti ẹrú, 150. Bàbá lágbára lórí ọmọ títí bàbá yóò fi kú, ì báà jẹ́ pé ọmọ náà ti hewú. Ó lè tà á. Àfi pé bó bá tà á lẹ́ẹ̀mẹta, ọmọ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Tẹ́nì kan bá rí i pé ó pọn dandan láti kọ irú òfin yẹn, a jẹ́ pé àwọn bàbá kan ti ń ta ọmọ kan náà ní àtàgbà ná. Olè tó wá lóru, ẹni tó bá pa á kò jẹ̀bi, tọ̀sán yàtọ̀. Ẹ lọ wo Ẹ́kísódù orí 22, ẹ ó rí ìbátan rẹ̀. Wọ́n tún ní ọlọ́lá ò gbọdọ̀ fẹ́ mẹ̀kúnnù. Èyí ò pẹ́ rárá, ní ọdún 445 Canuleius mú kí wọ́n fagi lé e.

Wọ́n ṣòfin ìsìnkú náà. Kí obìnrin má fi èékánná ya ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Afunfèrè mẹ́wàá péré, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí wọ́n má sin wúrà mọ́ òkú, àyàfi èyí tí wọ́n fi de eyín rẹ̀. Mo dúró níbẹ̀ yẹn fún ìgbà pípẹ́. Ẹ ó rí ìdí ẹ̀.

Òfin gbèsè wá nìyí. Ẹni tó bá ti gbà pé òun jẹ gbèsè, tàbí tí ilé ẹjọ́ ti dá a lẹ́bi, ó ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti san án. Lẹ́yìn ìyẹn, olówó lè gbé ọwọ́ lé e, kó mú un lọ sílé, kó dè é pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n tó wúwo tó pọ́n-ùn 15. Bí kò bá rí oúnjẹ tiẹ̀ jẹ, kí olówó fún un ní pọ́n-ùn ọkà kan lójúmọ́. Ọgọ́ta ọjọ́ ni yóò lò níbẹ̀. Láàárín ìgbà yẹn, ọjà mẹ́ta léraléra ni wọ́n máa mú un lọ sí iwájú adájọ́, wọ́n á kéde iye tó jẹ, bóyá ẹnì kan á ṣàánú rẹ̀. (Ọjọ́ ọjà wọn, ọlọ́jọ́ mẹ́sàn-án ni, bí a ṣe ń kà á lọ́dọ̀ wa gẹ́lẹ́: wọ́n ń ka ọjà tòní mọ́ tìgbà tó ń bọ̀.) Bí kò bá sẹ́ni tó san án, wọ́n lè pa á, tàbí kí wọ́n tà á sí òdìkejì odò Tiber. Bí àwọn olówó bá pọ̀, òfin ní wọ́n lè gé e pín. Bí ti ẹnì kan bá pọ̀ ju tèkejì lọ, kò ní jẹ́ ẹ̀sùn.

Aulus Gellius kọ ọ́ sílẹ̀ pé àgbà amòfin kan ní òun ò gbọ́ ọ rí pé wọ́n gé ẹnikẹ́ni, pé wọ́n mú ìyà náà burú kó lè dẹ́rù bani ni. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìkéde ọjà mẹ́ta yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn.

Bàbá mi jẹ́ ìwọ̀fà. Mi ò sọ ọ́ rí lórí pẹpẹ. Nígbà tí bàbá bàbá mi kú, àwọn ẹ̀gbọ́n yá owó láti fi ṣe ìsìnkú tó máa bá orúkọ ilé mu, màlúù, onílù, aṣọ. Ọmọ nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ni bàbá mi, òun ni wọ́n fi sọfà. Ó ń gbé nílé olówó, ó ń ro oko rẹ̀. Iṣẹ́ yẹn, èlé nìkan ni o. Ojú owó wà níbẹ̀ digbí. Ó tó ọdún márùn-ún kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan tó lọ ṣe iṣẹ́ òpópónà tó lè rí owó náà san. Bàbá mi máa ń sọ pé olówó náà kò ṣèkà, ó ń bọ́ òun, kò sì lè ta òun, torí ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú. Òótọ́ ni. Ní Róòmù náà, ẹni tó fara rẹ̀ dúró fún gbèsè kì í ṣe ẹrú lórúkọ, títí wọ́n fi fòfin de é, Livy fi í sí ọdún 326. Àmọ́ tí onílù bá ń lù níbi òkú, bàbá mi máa ń dìde kúrò níbẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ náà ló ń ṣe títí ó fi kú.

Afunfèrè mẹ́wàá péré. Ó ṣe mí bíi pé kí n rí ẹni tó kọ gbólóhùn yẹn kí n kí i.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ní ọdún 2009, ní ẹ̀ka ìjọ tí mo wà nígbà yẹn, mo pe orúkọ obìnrin kan tó jẹ gbèsè. Mo pè é látorí pẹpẹ, mo dárúkọ iye owó náà. Mo gbàgbé pé inú ẹgbẹ́ akọrin ló wà, ẹ̀yìn mi gan-an ló jókòó sí. Ó bọ́ aṣọ akọrin, ó ká a dáadáa, ó gbé e lé orí àga, ó gba ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ jáde. Kò ju oṣù méjì lọ, owó náà wọlé. A jẹ́rìí sí i pé Ọlọ́run ṣe é. Ìgbà tó yá ni mo gbọ́ pé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ló tà, ohun tó fi ń bọ́ àwọn ọmọ. Kò tún wọ ṣọ́ọ̀ṣì náà mọ́. Mo ti wá a, mi ò rí i.

Olórí àwọn mẹ́wàá tó kọ Wàláà náà, Appius Claudius ni. Wọ́n ní ojú rẹ̀ wọ ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Verginia, ló bá ní kí ọmọ abẹ́ rẹ̀ kan sọ nílé ẹjọ́ pé ẹrú òun ni ọmọ náà. Òun fúnra rẹ̀ ló jókòó gẹ́gẹ́ bí adájọ́. Òfin wà nílẹ̀ pé ẹni tí wọ́n bá ń ṣe ẹjọ́ òmìnira rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lómìnira títí ẹjọ́ yóò fi parí, Appius fúnra rẹ̀ ló sì kọ ọ́. Ó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bàbá ọmọ náà fa ọ̀bẹ yọ lórí tábìlì alápatà, ó gún ọmọ rẹ̀ pa lójú ọjà kí wọ́n má bàa mú un lẹ́rú. Ìlú gbáná, àwọn mẹ́wàá náà sì ṣubú. Bí a bá wò ó dáadáa, kò sẹ́ni tó bi Verginia léèrè ohunkóhun, Appius ò bi í, bàbá rẹ̀ náà ò bi í. Èmi náà, ní 2009, mi ò bi obìnrin yẹn léèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀ tí kò fi rí owó san.

Mo pe àgbà ìjọ wa, mo ní mi ò ní pe orúkọ ẹnikẹ́ni. Inú bí i, mi ò sì dá a lẹ́bi. Kì í ṣe olówó ńlá. Owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀ ló yá arábìnrin yẹn, ọmọ náà sì ń jókòó sílé báyìí. Ó ní, "Pásítọ̀, ẹ ò pe orúkọ, ó dáa. Ṣé ìkookò ló máa wá tọ́ ọmọ tèmi?" Mi ò rí èsì fọ̀. Tí ó bá jẹ́ pé ìgbà àwọn bàbá wa ni, Òṣómàáló ì bá ti lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà obìnrin náà títí yóò fi gbowó rẹ̀, gbogbo àdúgbò á sì mọ̀. Ohun tó ń wá lọ́dọ̀ mi náà nìyẹn, kí n bá a lóṣòó.

A ti fi ìpàdé sí ọjọ́ Sátidé, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, nílé mi. Òun, arábìnrin náà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, àti èmi. Mo máa bi í léèrè ní tèmi. A máa kọ iye tó lè san lóṣù sínú ìwé, kálukú á buwọ́ lù ú. Èmi àti ìyàwó mi máa san owó ilé ìwé ọmọ yẹn fún sáà yìí, kí ìjókòó sílé tán ná. Bóyá arábìnrin náà máa wá, mi ò tíì mọ̀. Ó ti gbọ́ pé wọ́n fẹ́ pe orúkọ òun, láti ọjọ́ náà kò wá sí ìsìn mọ́.

Ẹ fi wá sínú àdúrà. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá sì mọ arábìnrin kan tó ń ránṣọ, tó ń kọrin ohùn kejì nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa nígbà yẹn, ẹ má kọ orúkọ rẹ̀ sísàlẹ̀ níbí o. Inbox ni kí ẹ ti bá mi.